Tibí Ni Àbí Tọ̀hún?

Ní Kambolé, aago méjì la ní. Tí o bá dúró níwájú mọ́sálásí wa, tí o bi ènìyàn méjì pé kí ni aago sọ, ọ̀kan lè ní mẹ́jọ, èkejì á ní mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Tógò la wà, ṣùgbọ́n ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ kò jìnnà sí wa, aago tiwọn sì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Àwọn tó ń kó àgbàdo lọ tà fún wọn, aago ọ̀hún ni wọ́n ń lò, kí wọ́n má baà pẹ́ dé ọjà. Àwọn tó ń lọ sí oko iṣu kò lo èyíkéyìí nínú méjèèjì. Oòrùn ni wọ́n ń wò, oòrùn kò sì mọ ẹnubodè.

A kì í ṣe àlàyé rẹ̀ fún ara wa. Bí ẹnì kan bá ní ká pàdé ní aago mẹ́wàá, a ó wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a ó sì ti mọ mẹ́wàá tó ń wí. Bí kò bá dá wa lójú, a ó bi í pé, "Tibí ni àbí tọ̀hún?" Ó parí. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ kò rò ó rí pé ọ̀rọ̀ yìí lè kó ènìyàn sí wàhálà, àfi ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Tchamba, tí wọ́n fẹ́ lé mi kúrò nílé-ìwé nítorí agogo tí mo lù.

Kì í ṣe pé kò sí ilé-ìwé nítòsí wa. Àbúrò màmá mi tó lọ́kọ sí Tchamba ló bímọ, tó ń wá ẹni tí yóò máa bá a pọn ọmọ. Wọ́n ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kí n sì máa ka ìwé mi níbẹ̀. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, n ó pọn ọmọ. Bí ọmọ bá sùn, n ó ṣí ìwé. Màmá mi ló dúró gbọn-in lórí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn. Bàbá mi kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò bàbá mi a máa sọ pé ọmọbìnrin tó ti mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ, kí ló tún ń wá. Màmá mi á rọra dá wọn lóhùn pé ó ku kó mọ orúkọ tiyín náà kọ, torí ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí di ìgbà mìíràn.

Ojú máa ń tì mí púpọ̀ nígbà náà. Ó ṣì ń tì mí. Ohùn mi kì í kọjá eyín mi. Bí tíṣà bá béèrè ọ̀rọ̀ tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀, n ó jókòó lé ìdáhùn náà bí adìyẹ ṣe ń jókòó lé ẹyin, títí ẹlòmíràn yóò fi sọ ọ́. Bí wọ́n bá rán mi lọ ra iyọ̀, n ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tà á títí yóò fi gbójú sókè rí mi. Àǹtí mi a máa ní bí ilé bá ń jó, èmi yóò kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ó máa wá ẹni tí n ó kí.

Bóyá ìdí nìyẹn tí dirẹ́tọ̀ ilé-ìwé wa fi yàn mí láti máa lu agogo. Ó sọ fún gbogbo kíláàsì pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ á ráyè wo aago. Agogo wa kì í ṣe agogo gidi. Irin inú táyà mọ́tò ńlá ni, wọ́n so ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, wọ́n sì fi ọ̀pá irin kan sí ìdí igi náà tí a ó fi lù ú. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn mi, n ó jáde ní kíláàsì, n ó gbé irin, n ó lù ú, gbogbo ilé-ìwé á dìde. Àwọn tíṣà pàápàá á dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín. N ó padà wọlé, n ó jókòó, kò sí ẹni tó máa wò mí.

Aago ọwọ́ tí mo ń lò, ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ló fún mi nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fi mí joyè agogo. Bàbá Alágbàdo ni gbogbo wa ń pè é, torí àgbàdo ló ń rà lọ́wọ́ àwọn ará Kambolé, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kó lọ sí ọjà àwọn ará Bẹ̀nẹ̀. Ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí wọ́n máa rí i pé òun ṣe nǹkan bó ṣe yẹ. Tó bá fún ọ ní ẹ̀bùn, ó fẹ́ gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan, nínú ọyẹ́, aago náà dákẹ́. Kọ̀ǹpósísọ̀n, ìyẹn ìdánwò ìparí sáà àkọ́kọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, mo sì ní láti lọ sí Kambolé nítorí ìsọmọlórúkọ kan nínú agbo ilé wa. Mo fa aago lé Bàbá Alágbàdo lọ́wọ́. Ó gbé e lọ sí ọjà lọ́hùn-ún, ó sì gbé e padà fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, pílì tuntun, ìyẹn bátìrì, nínú rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ aago ọwọ́ tirẹ̀ kí n rí i pé wọ́n dọ́gba, ó sì ní ẹni tó tún un ṣe ti búra pé yóò máa ṣiṣẹ́ títí n ó fi lọ́kọ. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo so ó mọ́ ọwọ́. Mi ò bi í pé tibí ni àbí tọ̀hún. Aago mi ni, ó ti wà lọ́wọ́ mi látìgbà tí iṣẹ́ agogo ti bẹ̀rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó lè lọ sí ìrìn àjò kó má tíì padà dé.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbéra nílé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ọ̀kadà tó gbé mi, tí a ń pè ní sẹ́mí, jò ní táyà lójú ọ̀nà. A ti í títí a fi rí ẹni tó lẹ̀ ẹ́, eruku pupa sì bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé-ìwé, kọ̀ǹpósísọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí àga kan ti bá mi lu agogo àárọ̀. Mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé mo pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ní táyà ló jẹ wákàtí mi. Tíṣà ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ wa ṣàánú mi, ó gbà mí wọlé.

Ìṣirò ni. Ìbéèrè méjì ńlá ló wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ èkíní, ó sì ń lọ dáadáa. Àmọ́ nígbàkúùgbà tí mo bá wo aago, àkókò ti sá lọ jìnnà. Oòrùn ì bá ti sọ òótọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, gbogbo rẹ̀ funfun bí àwọ̀n. Mi ò tíì fọwọ́ kan ìbéèrè kejì nígbà tí aago sọ pé ó tó. Ó dùn mí. Mo rántí pé mo wo bébà náà bí ẹni ń wo oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ gbé kúrò níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́. Mo fi bíìkì tí mo fi ń kọ̀wé lélẹ̀, mo jáde, mo gbé irin, mo sì lu agogo bó ṣe yẹ.

Ariwo sọ. Àwọn kíláàsì kékeré ló kọ́kọ́ tú jáde, àwọn yòókù tẹ̀lé wọn. Àwọn tíṣà gba bébà, torí agogo ti dún. Mùsíyọ̀ tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, tó ń ṣọ́ kíláàsì àwọn àgbà, na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń há ewúrẹ́ mọ́lé, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi jáde, àwọn tó kù ti wà lábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń sọ ìdáhùn fún ara wọn. Gbogbo kọ̀ǹpósísọ̀n rẹ̀ bàjẹ́. Ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà tó ṣì ń mì jìgìjìgì. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Lẹ́yìn náà ó gbá ọwọ́ mi mú, ó wo aago mi pẹ́.

Ó sọ ọ́ ní Faransé, kò sì pariwo, èyí ló jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí jù. Ó ní aago tó bá bàjẹ́ a máa yà síwá sẹ́yìn, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Èyí kò yà rárá. Wákàtí kan géérégé ló fi ṣáájú. Aago bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ yí i. Ó ní àwọn tí kò kàwé ló ní kí n bá wọn ba kọ̀ǹpósísọ̀n jẹ́, kí n sì dárúkọ wọn.

Ó bọ́ aago lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún dirẹ́tọ̀. Dirẹ́tọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìbáwí, tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹsẹ́ì, yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi ní ìparí ọ̀sẹ̀, kí n mú òbí mi wá. Bí wọ́n bá rí i pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọn yóò lé mi, kò sì sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí tí yóò gbà mí ní àárín ọdún.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń pè mí ní Ìyá Aago. Inú wọn dùn sí mi, èyí tún burú ju kí wọ́n bú mi lọ. Àwọn ọmọkùnrin á rí mi lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyá Aago, ebi ń pa wá, bá wa lù ú." Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ mí pé lọ́jọ́ tóun bá kú, kí n lù ú ní wákàtí kan ṣáájú, kóun lè dé ọ̀run kí èrò tó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn pé inú iná ni wọ́n máa gbé e lọ, wọn kì í sì í tò níbẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò wá.

Àǹtí mi gbé fóònù, ó pe màmá mi ní Kambolé, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sí mi létí. Màmá mi kò bú mi.

"Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

"Rárá, màmá."

"Ó tó. Ẹ̀gbọ́n mi á wá."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń bi ara mi léèrè bí aago ṣe yí. Mo ní bóyá ìgbà tí mo di irin ẹ̀yìn sẹ́mí mú ni ọwọ́ mi kan ibi tí wọ́n fi ń yí i. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ le, ó dìgbà tí ènìyàn bá fà á síta. Ó dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara mi. Mo ń pọn ọmọ àǹtí mi, mo ń rìn yíká àgbàlá, mo ń rò ó pé màmá mi ti bá gbogbo ẹbí jà nítorí ìwé yìí, pé wọn yóò wá sọ fún un báyìí pé, àwa kò ti sọ? Pé n ó padà sílé, wọn yóò sì fi ọkọ dá mi lọ́lá. Ìrun nìkan kò tó mi lọ́sẹ̀ yẹn. Bí mo bá kírun tán, n ó tún jókòó síbẹ̀, n ó máa bẹ Ọlọ́run.

Ọjọ́ kọ̀ǹsẹ́ì pé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá, lẹ́yìn ìsinmi àárọ̀. Bàbá mi ń wa iṣu lóko, Bàbá Alágbàdo ló wá dúró fún un, pẹ̀lú bùbù funfun rẹ̀ tó máa ń wọ̀ lọ kírun Ìtúnu, àti iṣu nínú àpò. A jókòó lórí gbòǹgbò máńgòrò, lábẹ́ irin agogo gan-an. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó ti di mẹ́wàá, níbo ni wọ́n wà? Dirẹ́tọ̀ ṣì wà ní kíláàsì, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bàbá Alágbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ní àwọn ará ìjọba ò ní ìtìjú. Ó ní bó bá jẹ́ òun lòun pẹ́, wọn ì bá ti lé ọmọ láìdúró dè é. Ó tún wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún kùn.

Èmi ò kọ́kọ́ kọbi ara sí i. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ọ̀rẹ́ mi jáde ní kíláàsì, ó kí bàbá, ó gbé ọ̀pá irin, ó sì lu agogo ìsinmi àárọ̀ sí wa lórí. Bàbá Alágbàdo di etí rẹ̀. Ó ní, "Ilé-ìwé yín yìí, wọ́n mà ń pẹ́ jẹun o."

Mo wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń lọ sí mọ́kànlá níbẹ̀.

Aago tọ̀hún ni. Tèmi náà, aago tọ̀hún ni. Kò sí ẹni tó yí nǹkan kan. Wọ́n fi pílì sí i ní ọjà Bẹ̀nẹ̀, wọ́n fi aago Bẹ̀nẹ̀ sí i, Bàbá Alágbàdo fi wé tirẹ̀, wọ́n dọ́gba. Ó rọrùn débi pé ǹ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní ká ní Kambolé ni mo wà. Ṣùgbọ́n ní Tchamba, aago kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń lò, mo sì ti gbàgbé èkejì bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

Inú mi dùn, lẹ́yìn náà ni ìdùnnú náà dúró. Ta ni n ó sọ ọ́ fún? Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí ń tún ọrùn bùbù rẹ̀ ṣe, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó máa sọ nínú ilé yẹn kọ́ra. Ó ní òun máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun fúnra òun lòun tún aago náà ṣe, pé òun fi wé tòun, pé ẹnikẹ́ni ò lè ní ó bàjẹ́. Báwo ni ọmọ bíi tèmi yóò ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó fi ọjà sílẹ̀ wá gbà á, pé ẹ̀yin lẹ fà á? Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kì í sọ fún àgbà pé ó ṣì í. Ọmọ á ní bóyá èmi ni mi ò gbọ́ dáadáa. Mo ṣì ń wá bí n ó ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà tí wọ́n pè wá wọlé.

Àwọn mẹ́rin ló jókòó: dirẹ́tọ̀, mùsíyọ̀ ìṣirò, màdáámù tó ń kọ́ wa ní Faransé, àti bàbá àgbà kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Tchamba, tó ń ṣojú àwọn òbí. Ọmọ ẹ̀yà Tem ni bàbá yẹn, ṣùgbọ́n òwò ti kọ́ ọ ní èdè wa. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mùsíyọ̀ yíjú sí dirẹ́tọ̀, ó ní ẹ ò rí i, a ò tíì bi í ní nǹkan kan, ó ti ń tọrọ àforíjì. Bàbá aláṣọ rẹ́rìn-ín. Ó ní kíkí lọmọ ń kí yín, kí ẹ dá a lóhùn kó lè dìde. Màdáámù dá mi lóhùn. Mo dìde.

Bàbá Alágbàdo kò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ní, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwọn ti ń dúró láti aago mẹ́wàá. Bàbá aláṣọ túmọ̀ rẹ̀. Dirẹ́tọ̀ wo aago ara ògiri. Mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Mo rí bí òun àti mùsíyọ̀ ṣe wo ara wọn, ó sì yé mi pé wọ́n ti kà wá sí ìdílé òpùrọ́.

Mùsíyọ̀ sọ tirẹ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó gbé aago mi sórí tábìlì, ó ní wákàtí kan géérégé, kò sì sí aago tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí àgbà wa fúnra rẹ̀ wò ó. Bàbá Alágbàdo mú un, ó gbé e sún mọ́ ọwọ́ tirẹ̀, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó sì gbé e padà sórí tábìlì pẹ̀lú ọlá.

"Kò sí ohun tó ṣe aago yìí. Ó pé."

Bàbá aláṣọ túmọ̀ ìyẹn. Mùsíyọ̀ ká apá rẹ̀ lé àyà. Dirẹ́tọ̀ gbé bíìkì, ó wo èmi, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa béèrè: ṣé mo ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n jáde kí wọ́n lè dá ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ Faransé tí mo mọ̀ ti fò lọ. Mo rí Bàbá Alágbàdo, tó nà ró bí ẹni tó ti ṣe é parí, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń fi ojú òpùrọ́ wo òun. Mo gbọ́ màmá mi tó ní ó tó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi, èyí tí gbogbo ọmọ Kambolé ti ń béèrè láti kékeré, tí kì í ṣe ìbúni, tí àgbà kankan kì í bínú sí. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, aago ọwọ́ yín yẹn, tibí ni àbí tọ̀hún?"

"Tọ̀hún ni. Èwo ni ǹ bá tún máa lò?"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ọ. Mo rí i tó wo ọwọ́ rẹ̀, tó wo aago ara ògiri, tó tún wo aago mi lórí tábìlì. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Bàbá aláṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀, èjìká rẹ̀ ń mì, àwọn yòókù ń wò ó. Ó ń ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, òun náà ti pẹ́ dé ọjà wọn rí. Nígbà tó túmọ̀ rẹ̀ tán, màdáámù fi ọwọ́ bo ojú, ṣùgbọ́n a rí eyín rẹ̀. Dirẹ́tọ̀ fi bíìkì lélẹ̀.

Bàbá Alágbàdo dìde, ó ṣí fìlà. Ó ní òun lòun jẹ̀bi, òun lòun gbé aago ọmọ kọjá ẹnubodè láì dá a padà, bí wọ́n bá fẹ́ lé ènìyàn, kí wọ́n lé òun. Dirẹ́tọ̀ bi í léèrè kíláàsì tó wà, kí òun lè mọ ibi tí wọn yóò ti lé e. Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn wá rẹ́rìn-ín, àfi mùsíyọ̀.

Mùsíyọ̀ ní ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́. Ó ní ẹni tó ń lu agogo gbọ́dọ̀ mọ aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkàn mi, mo sì ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n màdáámù yíjú sí i, ó rọra bi í léèrè pé àwọn tí fóònù wà nínú àpò wọn lọ́jọ́ náà, tí wọ́n gba bébà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ta ni yóò pe kọ̀ǹsẹ́ì tiwọn? Dirẹ́tọ̀ sì wo ojú fèrèsé.

Wọn ò lé mi. Wọ́n ní a ó tún kọ̀ǹpósísọ̀n ìṣirò ṣe, gbogbo ilé-ìwé, àti pé ọ̀rẹ́ mi ni yóò máa lu agogo títí di ìsinmi ìparí sáà, kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀. Bàbá Alágbàdo fi eyín fa ohun tí wọ́n fi ń yí aago mi síta níbẹ̀, ó yí i padà sí aago ara ògiri, ó ní kí dirẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ wò ó dáadáa kí òun tó tì í wọlé. Nígbà tó fẹ́ gbé iṣu kalẹ̀, bàbá aláṣọ ní ó dára tó jẹ́ pé ẹjọ́ ti parí, torí iṣu tó bá ṣáájú ẹjọ́, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Níta, Bàbá Alágbàdo dúró lábẹ́ irin agogo, ó dé fìlà rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ó ní, "O gbọ́n. O ò bú mi." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo ṣe kọ̀ǹpósísọ̀n náà lẹ́ẹ̀kejì, mo dé ìbéèrè kejì, mo sì ṣì í. Ìyẹn, ọwọ́ ara mi ni.

Mi ò kàwé pẹ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ọmọ àǹtí mi ti ń rìn, ọwọ́ mi ti ń fẹ́ aṣọ ju bíìkì lọ, mo sì sọ ọ́ fún màmá mi fúnra mi. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́, ó dára. Sokodé ni mo ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ní àdúgbò Kouloundè, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ lónìí. Aago wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa, èmi ni ọ̀gá mi máa ń bi léèrè nígbà tí a bá fẹ́ tì. Bí Bàbá Alágbàdo bá pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ ní Sokodé, kò ní tíì kí mi tán tí yóò ti ní, "Aago mẹ́ta o. Tibí."

Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rántí jù ni ìgbà tí a wọlé lẹ́yìn ìsinmi yẹn. Dirẹ́tọ̀ dá agogo padà fún mi, torí ọ̀rẹ́ mi máa ń gbàgbé bí ìtàn bá dùn lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe gbé irin, mùsíyọ̀ ìṣirò jáde sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó wo fóònù, ó wò mí. Mo dúró. Ó mi orí pé ó ti tó, mo lu agogo. Ọjọ́ kejì, ó tún jáde. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe títí ọyẹ́ fi lọ, tí máńgòrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó sí mi lórí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rí níbẹ̀, èmi náà kò bá a sọ̀rọ̀. Mo ti ń retí rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń retí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé irin, mo wo ẹnu ọ̀nà yẹn, kò jáde. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú kíláàsì, ó ń kọ́ wọn ní nǹkan. Mo wo ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì lù ú.